Orúnkún Abísọ́lá

Nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ nínú sáà líìgì parí, ẹgbẹ́ Wuye Ladies ti gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, wọ́n sì ti pàdánù mẹ́sàn-án níbẹ̀. Àwọn ló gbẹ̀yìn pátápátá. Ẹgbẹ́ méjì tó bá gbẹ̀yìn níparí ọdún ni wọ́n máa já sí ìsàlẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé Olóyè Nehemiah, ará Kàbbà tó ni ẹgbẹ́ náà, kò ní í bọ́ ẹgbẹ́ tó bá já. Ó ti sọ ọ́ lójú àwọn ọmọbìnrin náà nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ pé bí wọ́n bá já, òun á wó pápá, òun á sì fi ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́lé. Ilé kíkọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ́sítéètì mẹ́ta ló ní ní Lokogoma ní Àbújá. Kò sẹ́ni tó rò pé ó ń ṣàwàdà.

Òfin líìgì fi àyè kékeré kan sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń sinmi, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun kan péré sílẹ̀, bí ẹni náà kò bá ti sí lábẹ́ àdéhùn ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹnì kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjì ló sì wà nílẹ̀ tí orúkọ wọn ń dún, tí àdéhùn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nílẹ̀ òkèèrè. Mùlíkàt ni ọ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ga débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ilé àwọn òbí rẹ̀ wọlé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Íjíbítì dé. Abísọ́lá ni èkejì. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, kò sì sí ọmọbìnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Àbújá tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ń wádìí àwọn agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà ni Dára. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Wuse, nídìí tábìlì tí àwọn oníbàárà ti máa ń wá ro ẹjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀, òun ni igbákejì Kóòṣì Láníyì. Òun ló ń wo fídíò gbogbo ìdíje, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó jù ú tó wọlé, ẹni tó jù ú tó tàsé, ẹni tí bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Wuye Ladies yìí kan náà ló gbá a fún, ọdún mẹ́rin gbáko, ipò ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù. Ipò Abísọ́lá nìyẹn. Nítorí náà, orí bẹ́ǹṣì ni Dára ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mẹ́rin ọ̀hún, tó ń wo ẹ̀yìn Abísọ́lá, nọ́ńbà méje funfun lára jẹ́sì aláwọ̀ ewé.

Ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé nígbà náà, yàrá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé ìdáná kan. Nígbà tí bàbá Dára kú ní ìlú Ẹ̀gbẹ́, Abísọ́lá bá a wọkọ̀ lọ, ó sì fọ abọ́ nínú ilé òkú fún ọjọ́ mẹ́ta bí ọmọ bíbí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kan ní Tùnísíà mú Abísọ́lá, ó ti ibẹ̀ lọ sí Ruwáńdà, Dára sì bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún iṣẹ́ báńkì. Wọ́n ṣì ń pe ara wọn. Bí Abísọ́lá bá wá sílé lọ́dọọdún, ilé Dára ló máa ń kọ́kọ́ yà.

Ọjọ́ Ajé tí ìsinmi náà bẹ̀rẹ̀ ni Abísọ́lá pè é. "Dára, ṣé o lè gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́la? Mo fẹ́ kí o fi mọ́tò rẹ gbé mi lọ síbì kan."

Ilé ìwòsàn ni. Dókítà tó rí wọn gbé àwòrán inú orúnkún Abísọ́lá sójú kọ̀ǹpútà, ó fi bírò tọ́ka sí ibì kan tó dà bí okùn tó ti ń tú.

"Iṣan tó di orúnkún yín mú nìyí," ó ní. "Kò tíì já, ṣùgbọ́n ó ti gbó."

"Ṣé mo ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ lè gbá a. Ó lè gbé yín dé ìparí sáà, ó sì lè já lọ́la níbi tí ẹ bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bó bá já, bọ́ọ̀lù tán nìyẹn. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ máa tiro."

Abísọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. Wọ́n wọnú mọ́tò, wọ́n sì dé orí afárá tó kọjú sí Wuye.

"Sáà kan ṣoṣo ni mo ń wá," Abísọ́lá ní. "Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí mo bá parí rẹ̀ níbí, nílé, wọ́n á rí mi bí ẹni tó padà wá sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n á fún mi láwọn ọmọ kéékèèké kí n máa kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó ti gbó ni mí, ta ló máa gbà mí? Má sọ fún ẹnikẹ́ni, Dára. Jọ̀ọ́."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" Dára fèsì. Tinútinú ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Dára fi jókòó ti fídíò. Ó wo ìdíje mọ́kànlá náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì rí ohun tó ń pa ẹgbẹ́ wọn. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kò mọ bọ́ọ̀lù ún darí. Ìṣòro wọn ni pé bí bọ́ọ̀lù bá tàsé tó ta padà láti ara irin, ọwọ́ ọ̀tá ló máa ń bọ́ sí. Àwọn ọ̀tá á jù ú, á tàsé, wọ́n á tún hán an, wọ́n á tún jù ú, títí yóò fi wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Wuye Ladies hán bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ju ẹni tí wọ́n ń bá gbá lọ, ẹ̀ẹ̀mejì yẹn náà ni wọ́n sì borí. Ẹni tó ga, tó lágbára, tó lè dúró lábẹ́ agbọ̀n kó má ṣe yẹ̀, ni wọ́n ń wá. Mùlíkàt ni wọ́n ń wá. Ohun tí Dára kọ sínú ìwé rẹ̀ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Abísọ́lá rí ì bá kọ ohun kan náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Olóyè pe Dára àti Kóòṣì Láníyì sí pálọ̀ rẹ̀ ní Lokogoma. Láníyì ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, tó ti kọ́ ọmọbìnrin bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí pápá Wuye ṣì jẹ́ erùpẹ̀. Òun ló kọ́ Dára. Òun náà ló kọ́ Abísọ́lá.

Olóyè ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Ó fi ọwọ́ júwe àga fún wọn.

"Láníyì, ìwọ ni kóòṣì. Ta lo fẹ́?"

"Abísọ́lá ni, sà. Àwọn ọmọ wa kò ní ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú pápá. Bí nǹkan bá ti fẹ́ le báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí adìyẹ tí òjò ká mọ́ta. Abísọ́lá á fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀."

"Èmi náà, òun ni mo fẹ́," Olóyè wí. "Ìgbà tí pápá yẹn kún kẹ́yìn, òun làwọn èèyàn wá wò."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Dára ní, "ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín."

Ó ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó yí i sí Olóyè. Ó fi ìdíje márùn-ún hàn án, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, níbi tí ọ̀tá ti ń hán bọ́ọ̀lù lórí àwọn ọmọ wọn bí ẹni ń ká ọsàn lórí igi tó wó. Ó ṣàlàyé. Ó fi Mùlíkàt hàn án nínú aṣọ ẹgbẹ́ Íjíbítì, bó ṣe ń fi ẹ̀yìn ti àwọn èèyàn sẹ́yìn. Olóyè dẹ́kun oúnjẹ jíjẹ. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, Dára rò pé òun ti borí.

"Kọ̀ǹpútà kì í gbá bọ́ọ̀lù," Láníyì wí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ojú ló ń wò ó, Kóòṣì. Ẹ̀yin náà ń wò ó."

"Mò ń wò ó. Ohun tí mò ń rí ni àwọn ọmọ tí ẹ̀rù ń bà."

Olóyè wo ẹni kìíní, ó wo ẹnì kejì. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu ẹnu. "Ọmọ mi, ìwé rẹ dára, o kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló mọ Mùlíkàt? Abísọ́lá la máa mú." Ó nawọ́ mú fóònù rẹ̀.

Láníyì rí ojú Dára, ó sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tù ú nínú. "Má jẹ́ kó dùn ọ́," ó ní. "Ìwọ lo kúkú mọ̀ ọ́n jù. Ọdún mẹ́rin lo fi jókòó wo bó ṣe ń ṣe é."

Kò sí ìkà kankan nínú ohùn rẹ̀. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Dára lára, kó sì tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti sọ̀rọ̀.

"Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, sà."

Olóyè gbé fóònù kalẹ̀. "Kí lo wí?"

"Iṣan orúnkún rẹ̀ ti gbó. Ó lè já lọ́jọ́ kọ́jọ́. Èmi ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ ọ́." Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, kò lè dá ara rẹ̀ dúró. Ó sọ apá orúnkún tó jẹ́, apá ọ̀tún. Ó sọ pé dókítà ní ó lè di ẹni tó ń tiro. Ó tiẹ̀ fi ọwọ́ júwe bí iṣan náà ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà.

Láníyì kò wo Olóyè. Dára ló ń wò. Dára rò pé ẹnu ló yà á.

"Kai!" Olóyè fi ọwọ́ lu itan. "Ọlọ́run ló ní kí o wà níbí. Wọn ì bá ta mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú fún mi!"

Bí Dára ṣe ń wa ọkọ̀ lọ sílé, ó ń bá ara rẹ̀ rojọ́. Iṣẹ́ òun ni. Òun kò lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí òun sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ rìn wọnú kòtò. Wọ́n bi òun, òun sì dáhùn. Ṣùgbọ́n ó rántí dáadáa pé kò sẹ́ni tó bi òun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Mùlíkàt fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Olóyè, tí inú rẹ̀ dùn pé òun ti bọ́ nínú ọ̀fìn, sọ ìtàn náà sórí wásáàpù tí àwọn tó ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ti máa ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Kánò ti ń bá Abísọ́lá sọ̀rọ̀. Òmíràn ní Pọ́táàkọ́ọ̀tù náà ti ní kó wá. Ọjọ́ méjì kò pé tí àwọn méjèèjì fi dákẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Dára gbójú sókè nídìí tábìlì rẹ̀ ní báńkì láti pe nọ́ńbà tó kàn. Abísọ́lá ló dìde láàárín àwọn oníbàárà tó jókòó. Ó mú bébà nọ́ńbà rẹ̀ dání. Ó ti tò bí àwọn yòókù, Dára kò sì rí i láti àárọ̀.

Abísọ́lá jókòó síwájú rẹ̀. "Mi ò ní í pẹ́," ó ní. "Èèyàn ṣì pọ̀ lẹ́yìn mi."

"Abísọ́lá, jẹ́ kí n…"

"Ìwọ ni àbí dókítà ni? Ohun tí mo wá bi ọ́ nìyẹn. Mo ti pe dókítà, ó ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Nehemiah."

Dára wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi ni."

Abísọ́lá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún.

"Iṣẹ́ mi ni," Dára wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nítorí oníbàárà tó wà nítòsí. "Bó bá já nínú pápá ńkọ́? Bí o bá yarọ ńkọ́? Mo ro ti ìwọ náà mọ́ ọn."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀," Abísọ́lá ní. "Má fi mí ṣe àwáwí."

Ẹ̀rọ tó ń pe nọ́ńbà dún lápá kejì.

"Ká ní irọ́ lo pa mọ́ mi," Abísọ́lá tún sọ, "ǹ bá pariwo. Ǹ bá sọ fún gbogbo wọn pé òpùrọ́ ni ọ́, ǹ bá sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ. Kí ni mo fẹ́ wí? O gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi." Ó tẹ bébà nọ́ńbà náà pọ̀ sí méjì. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Nígbà tí o ń sọ ọ́, ṣé ó dùn mọ́ ọ?"

Dára la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá yá, Abísọ́lá á gbà á gbọ́, tàbí kó ṣe bí ẹni tó gbà á gbọ́, kí ohun kékeré kan lè ṣẹ́ kù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yá. Ó pẹ́, ó pẹ́ jù.

Abísọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí orúnkún rẹ̀, ó sì jáde.

Ìdajì kejì sáà náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí Dára sọ nípa Mùlíkàt sì ṣẹ. Ọmọ náà dúró lábẹ́ agbọ̀n bí ògiri. Nínú ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n borí mẹ́ta. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí pápá. Olóyè ń pe Dára ní "ojú mi" níwájú àlejò.

Ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣe sí Abísọ́lá, kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń bú u. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń ṣe ohun tó bá ní kí wọ́n ṣe. Bó bá kàn wọnú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ni ọ̀rọ̀ á gé, ẹni tó ń fi yìnyín sí ẹsẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. Tẹ́lẹ̀ rí, òun ni wọ́n máa ń sá bá bí nǹkan oṣù bá ń dà wọ́n láàmú tàbí bí ẹ̀yìn bá ń dùn wọ́n, nítorí ojú ń tì wọ́n láti sọ fún Láníyì. Òun ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Nísinsìnyí, Láníyì ni wọ́n ń sọ fún, àgbàlagbà ọkùnrin náà á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa gbọ́.

Nínú ìdíje kẹjọ, Mùlíkàt bẹ̀rẹ̀ sí í fò tí kò sì ga tó bó ṣe ń ga. Dára rí i nínú fídíò. Ó lọ bá a níbi tó ti ń di bàtà rẹ̀.

"Mùlíkàt, kí ló ṣe kókósẹ̀ rẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Jẹ́ kí n wò ó."

Ọmọ náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Kò ní àrífín lára, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ìdí nìyẹn tí ojú fi tì í. "Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Wọ́n ní kí n má sọ ibi tó ń dùn mí fún yín."

"Àwọn wo?"

Mùlíkàt tún bẹ̀rẹ̀ sí í di okùn bàtà rẹ̀. Dára dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wú fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì pàdánù ìdíje méjì nítorí rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó tètè sọ ọ́ fún Dára kí wọ́n lè fún un nísinmi.

Síbẹ̀, wọn kò já. Lọ́jọ́ tí ìdíje tó kẹ́yìn wáyé, wọ́n fi pọ́ìntì mẹ́fà borí ẹgbẹ́ kan láti Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì kúrò láàárín àwọn tó gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọbìnrin náà ń fò mọ́ra wọn. Olóyè bọ́ sínú pápá pẹ̀lú agbádá, ó gba gbohùngbohùn, ó sì kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, Dára ni alábòójútó àgbà fún ẹgbẹ́ náà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà pàtẹ́wọ́, níwọ̀nba.

Dára rí Láníyì níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, tó ń kó àwọn bọ́ọ̀lù sínú búùtù. Láníyì sọ fún un pé òun ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fún Olóyè, pé òun ń lọ sinmi ní Ìsánlú.

"Nítorí mi ni, Kóòṣì?"

"Mo ti dàgbà ni." Ó ti búùtù pa, ó sì fara tì í. "Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí o ti bèèrè, jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ nípa orúnkún yẹn kí o tó sọ ọ́. Ọjọ́ kejì tí ẹ lọ sílé ìwòsàn ló wá bá mi nílé. Ó ní òun kò fẹ́ tàn mí jẹ, mo sì ṣèlérí fún un pé kò ní í ti ẹnu mi jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́wàá ni mo fẹ́ máa fi í sínú pápá. Èyí tó kù, kó jókòó tì mí, kó máa kọ́ wọn. Lọ́dún tó ń bọ̀, kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ò sì sọ fún Olóyè?"

"Mi ò sọ. Bóyá kò dáa tí mi ò sọ. Mi ò ní í pe ara mi ní ẹni mímọ́. Mùlíkàt lo yàn, Mùlíkàt ló gbà wá; o jàre mi níbẹ̀. Ó yẹ kí o jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ jà fún ọ."

"Mo gbé e kalẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì kò gbọ́."

"Ó yẹ kí o pàdánù nígbà yẹn," Láníyì wí. "Èèyàn máa ń pàdánù, Dára. Bọ́ọ̀lù la ń gbá." Ó wọ mọ́tò. Ó tún yọ orí síta. "Orúnkún ti Abísọ́lá, mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mi ò mọ̀. Láti ọmọ ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ ọ, mi ò mọ̀ ọ́."

Oṣù méjì kọjá kí Dára tó lọ sí Abaji. Ó ti gbọ́ pé ibẹ̀ ni Abísọ́lá wà, pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní eré ìdárayá. Ó wa ọkọ̀ gba Gwagwalada àti Kwali kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó ti ro gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn mọ́ òun, fún ìwọ̀n bí ìṣẹ́jú kan, kò sì tíì dùn mọ́ òun láti ọjọ́ náà. Ó fẹ́ sọ pé alábòójútó àgbà ni òun báyìí, pé òun lè fún un níṣẹ́ tó ń wá.

Àwọn ọmọ ń sáré lórí ilẹ̀ pupa lẹ́yìn àwọn kíláàsì. Abísọ́lá jókòó lórí àga onípákó lábẹ́ igi máńgòrò, fèrè lọ́rùn rẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí Dára, ó di ọ̀pá náà mú, ó dìde.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní.

Dára rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Ó dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Abísọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó pe ọmọbìnrin kan pé kó lọ gbé àga wá fún àlejò.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ?"

"Iṣan náà ló já, mà, lóṣù tó kọjá. Mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni. Wọ́n ti dì í. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè."

"Abísọ́lá, dákun, má máa pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jókòó, mà. Ọ̀nà jìn, ó máa ti rẹ̀ yín. Ṣé ẹ máa mu omi?"

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Dára sọ ohun tó wá sọ, gbogbo rẹ̀ pátá, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé. Abísọ́lá gbọ́ ọ láìdá a lẹ́nu. Kò yí ojú rẹ̀ padà, kò bínú. Bí Dára bá dákẹ́, á ní "Mo ti gbọ́, mà." Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, Abísọ́lá ní, "Ẹ kú àánú mi. Ibí ti tó mi." Ó fọn fèrè, ó sì pàṣẹ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn tó fi bá wọn sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ohùn tí Dára mọ̀ ni, èyí tó máa ń gbọ́ láti orí bẹ́ǹṣì nígbà tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó kù láti ṣe. Abísọ́lá fi ọ̀pá sin ín dé ìdí mọ́tò, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń sin àlejò pàtàkì. "Ẹ kí àwọn ará ilé," ó ní. "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ̀nà."

Dára ti ń sún mọ́ Kwali nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Olóyè ni.

"Ojú mi, ńbo lo wà? Gbọ́, àwọn ará Íjíbítì ti padà wá mú Mùlíkàt, ó ń lọ. Wọ́n ní ọmọ kan wà ní Ìlọrin tí àdéhùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọmọ gíga. Kí n tó bá wọn sọ ohunkóhun, lọ bá mi wádìí ẹ̀. Ara rẹ̀, ilé rẹ̀, gbogbo ohun tó ń fi pamọ́. Sún mọ́ ọn, bá a ṣọ̀rẹ́. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Dára yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì dúró. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Lọ́kọ́jà ń kọjá, wọ́n ń mi mọ́tò rẹ̀.

"Hẹ́lò? Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, sà," ó ní.

"Ṣé wàá ṣe é?"

"Màá lọ lọ́la, ọjọ́ Àbámẹ́ta, sà."